Ní Abẹ́ Àtíbàbà Àwọn Júù Tó Gba Mèsáyà Gbọ́

Ẹni tó bá ti lọ sí Jerúsálẹ́mù rí yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ ní ọdún 2006 pẹ̀lú ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò mímọ́, ọjọ́ mẹ́jọ péré ni a lò. Bọ́ọ̀sì gbé wa lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ó gbé wa lọ sí Gálílì, a wọ inú odò Jọ́dánì, a ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì òfìfo, a ra òróró, a ra àgbélébùú tí wọ́n fi igi ólífì gbẹ́, a sì padà sílé. Ìjọ ṣe ìdúpẹ́ fún wa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi JP kún orúkọ wa. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan bi wá nígbà náà pé, "Ta ni ẹ bá sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ náà?" òtítọ́ ibẹ̀ ni pé dírẹ́bà wa àti àwọn tó ń ta ọjà nìkan ni. A rí òkúta tí Olúwa tẹ̀. A kò rí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn ará ilé Rẹ̀ nípa ti ara tó gbà Á gbọ́. A kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni Ọlọ́run tún ṣí ọ̀nà náà fún wa, èyí sì yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀rẹ́ wa kan tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, tó ti ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Lọ́ńdọ́nù láti ọjọ́ pípẹ́, mọ ìdílé Júù kan ní Jerúsálẹ́mù tí gbogbo wọn gba Jésù gbọ́ gẹ́gẹ́ bí Mèsáyà. Ó kọ̀wé sí wọn nítorí tiwa. Wọ́n fèsì pé kí a máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe wá fún ọjọ́ méjì; kí a wá lo ọ̀sẹ̀ méjì, kí a lè mọ ara wa. Àwa àti aya wa sì gbéra. Nínú báàgì wa ni ìgò mẹ́ta wà fún omi Jọ́dánì, pẹ̀lú àpò ìwé tó kún fún ìbéèrè àdúrà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìjọ, àti ìwé pélébé kan tí a kọ iye ìwo àgbò àti aṣọ àdúrà oníwajawaja tí wọ́n ní kí a rà bọ̀. Ìwo àgbò méje ni wọ́n fẹ́. Ẹ fi ìwé pélébé yẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

ÌRÁNTÍ ÀWỌN MẸ́JỌ

Ibi tí a dé sí kò sí nínú Jerúsálẹ́mù gan-an. Lórí òkè Jùdíà ni, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, nǹkan bíi kìlómítà 15, ní abúlé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Yad Hashmona. Nítòsí rẹ̀ ni Abu Ghosh wà, ìlú àwọn Lárúbáwá tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Kiriati-Jéárímù inú Bíbélì wà, níbi tí àpótí ẹ̀rí Olúwa ti wà fún 20 ọdún ní ilé Ábínádábù, kí Dáfídì tó lọ gbé e (1 Sámúẹ́lì 7, 2 Sámúẹ́lì 6). Ní ìdájí, a máa ń gbọ́ ìpè àdúrà láti ìlú náà, àfi bí ẹni pé a ṣì wà ní Ìbàdàn.

Kì í ṣe Júù ló dá abúlé náà sílẹ̀. Àwọn Kristẹni láti ilẹ̀ Finland, lọ́hùn-ún ní àríwá Yúróòpù níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1971. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni ara wa fi ta gìrì nígbà tí a gbọ́ ọ. Nígbà ogun Hitler, àwọn Júù kan sá wá sí Finland láti wá ibi ààbò. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1942, àwọn ọlọ́pàá Finland kó mẹ́jọ nínú wọn sínú ọkọ̀ ojú omi ní Helsinki, wọ́n fà wọ́n lé Gestapo lọ́wọ́, èyíinì ni àwọn ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ Jámánì. Ọmọdé wà nínú wọn. Auschwitz, ibùdó tí wọ́n ti ń pa ènìyàn, ni wọ́n kó wọn lọ. Nínú àwọn mẹ́jọ, ẹnì kan ṣoṣo ló yè é. Ohun tí Yad Hashmona túmọ̀ sí ni ìrántí àwọn mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ènìyàn mẹ́jọ, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 Júù tí wọ́n pa nígbà náà! Ẹlòmíràn á ní mélòó ni mẹ́jọ. Kì í sì í ṣe àwọn Kristẹni wọ̀nyí ló fà wọ́n kalẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ní orúkọ ìlú àwọn ló wà lára ọ̀ràn náà, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n wá ń gbé orí òkè olókùúta, wọ́n ń gbin igi, wọ́n ń fi pákó kọ́lé. Ọdún 2000 ni olórí ìjọba Finland, Paavo Lipponen, tọrọ àforíjì ní gbangba. Àwọn ará wọ̀nyí ti ṣe tiwọn ní ọdún 29 ṣáájú. Nígbà tó yá, àwọn Júù tó gba Jésù gbọ́ wá darapọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì jọ ń gbé abúlé náà. Ilé àlejò ibẹ̀ ni àwa dé sí. A ti ń wàásù ìrònúpìwàdà láti ìgbà tí a ti wà ní ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n a kò tíì rí èyí tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù àti pákó ṣe.

ỌJỌ́ TÍ ỌKỌ̀ KÒ RÌN

Ọjọ́ Àìkú ni a dé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18, bàbá ìdílé tó pè wá wá fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí ilé rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù kí ọ̀nà tó dá, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ọjọ́ Ètùtù ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Yom Kippur. Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni ọkùnrin náà, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alàgbà ìjọ wọn. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n bí i sí. Ukraine ni wọ́n bí ìyàwó rẹ̀ sí, ìyá ìyàwó náà, ẹni ọdún 81, sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn.

Bí a ti wọlé, aya wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kọ́ dáadáa, kúnlẹ̀ láti kí màmá náà. Màmá figbe ta! Ó rò pé ṣe ni aya wa ṣubú. Kí a tó rí ẹni túmọ̀ ọ̀rọ̀, ó ti gbé yìnyín dídì jáde láti inú fíríìjì, ó ní òun fẹ́ fi lé e lórúnkún. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un pé bí a ti ń kí àgbà nílùú wa nìyẹn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tó bá rí aya wa, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni bí orúnkún ṣe ń ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la rí ohun tí a kò rí rí. Ọkọ̀ kankan kò rìn. Pápákọ̀ òfurufú tì. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn ọmọdé gun kẹ̀kẹ́ wọn sí àárín títì márosẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ní àná, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ọkọ̀ á gbá a. Nílé wa, àfi ọjọ́ ìdìbò tàbí ọjọ́ ìkànìyàn ni títì máa ń dá bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ló sì máa ń dá a. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí kì í tilẹ̀ lọ sínágọ́gù rárá ni kì í wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìdílé náà gbààwẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́ kejì. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìwé Hébérù ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, a bi alàgbà náà léèrè ohun tí ẹ̀yin náà ì bá bèèrè: bí Jésù bá ti ṣe ètùtù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ààwẹ̀ kí ni èyí? Kò bínú. Ó ní òun kò gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run lè dárí ji òun, nítorí ọ̀ràn yẹn ti parí. Ó ní òun ń gbà á pẹ̀lú àwọn ènìyàn òun ni, bí Dáníẹ́lì ti gbàdúrà nínú orí 9 ìwé rẹ̀, tó ka ara rẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló dẹ́ṣẹ̀ náà, àti bí ọkàn Páúlù ti gbọgbẹ́ nítorí àwọn ará rẹ̀ (Róòmù 9:1-3). Ó wá fi ilé arákùnrin kan hàn wá ní òdì kejì òpópónà, Júù tó gba Jésù gbọ́ bíi tirẹ̀, ó ní ẹni yẹn ti jẹun láàárọ̀ ní tirẹ̀. Wọn kò bá ara wọn jà lórí rẹ̀. A rántí bí ìjọ méjì ti pín ní àdúgbò tiwa nítorí gèlè, a kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

ÌJỌ WỌN

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22, a bá wọn lọ sí ìsìn. Sátidé ni wọ́n ń pàdé nítorí Sábáàtì ni, àti pẹ̀lú pé ní Ísírẹ́lì, ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ Àìkú. Gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà ni, kò ní òrùlé gíga, kò ní àgbélébùú lára ògiri. Èdè Hébérù ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ẹ̀rọ sétí, wọ́n ń gbọ́ ìtumọ̀ ní èdè Rọ́ṣíà, Gẹ̀ẹ́sì àti Àmháríkì, nítorí àwọn Júù tó ṣí wá láti Rọ́ṣíà àti Etiópíà pọ̀ láàárín wọn. Aya wa fara mọ́ àwọn ìyá Etiópíà. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí ìsìn fi parí.

Ní ọdún 1999, àwọn olùwádìí kan ka ìjọ irú èyí ní gbogbo Ísírẹ́lì, wọ́n rí 81, àwọn tó wà nínú wọn sì jẹ́ nǹkan bíi 5,000, ọmọdé àti àgbà. Wọ́n ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì tó èrò ìpàgọ́ alẹ́ ọjọ́ kan tiwa. Wọn kì í pe ara wọn ní Kristẹni, èyí sì kọ́kọ́ dùn wá díẹ̀. Júù onígbàgbọ́ nínú Mèsáyà ni wọ́n ń pe ara wọn. Yeshua ni wọ́n ń pe Olúwa, bí ìyá Rẹ̀ ti pè É. Nígbà tí a béèrè ìdí, alàgbà náà ní ọ̀rọ̀ náà, Kristẹni, létí ìyá òun kì í ṣe orúkọ ẹni tó fẹ́ràn Yeshua. Orúkọ àwọn tó wọ Jerúsálẹ́mù ní ọdún 1099 pẹ̀lú àgbélébùú láyà tí wọ́n pa àwọn Júù inú rẹ̀ ni, àti orúkọ àwọn tó lé gbogbo Júù kúrò ní Sípéènì ní ọdún 1492.

Owó orí ìgbàgbọ́ yìí kò kéré fún wọn. Òfin kan wà tí ilẹ̀ Ísírẹ́lì ṣe ní ọdún 1950, pé Júù tó bá wá láti ibikíbi láyé lè di ọmọ ìlú. Ní ọdún 1989, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ pé Júù tó bá gbà pé Jésù ni Mèsáyà ti lọ sínú ẹ̀sìn mìíràn, kò sì lè fi òfin náà wọlé. Júù tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá lè wọlé o! Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ náà dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ fún àwọn tó jẹ́ pé bàbá nìkan ló fi wọ́n ṣe Júù. Ọdún 2008 yẹn kan náà, nígbà àjọ Púrímù tí wọ́n máa ń fi ẹ̀bùn oúnjẹ ránṣẹ́ sí ara wọn, ẹnì kan gbé ẹ̀bùn sí ẹnu ọ̀nà ìdílé onígbàgbọ́ kan ní ìlú Ariel. Bọ́ǹbù ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ló ṣí i. Ó fara gbọgbẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n Olúwa dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, wọ́n sì mú ẹni tó ṣe é, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ tí a lọ yìí mọ ìtàn náà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó wọlé.

Ẹ̀kọ́ Sábáàtì náà bọ́ sí orin Mósè nínú Deutarónómì 32. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti sọ pé òun yóò fi àwọn tí kì í ṣe orílẹ̀-èdè mú Ísírẹ́lì jowú, tí Páúlù sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sínú Róòmù 10 àti 11. Oníwàásù nawọ́ sí àwa àti aya wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn tí kì í ṣe orílẹ̀-èdè ti dé o, wọ́n wá mú wa jowú." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì wá, kì í ṣe owú ni wọ́n mú bàbá wa jẹ. Ẹ̀rù ni." Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wa.

ÌBÉÈRÈ MÀMÁ

Àjọ Àgọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin ará, àtíbàbà ni o! Àtíbàbà tí àwa náà ń pa fún ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà, imọ̀ ọ̀pẹ lórí, igi ní ẹ̀gbẹ́, àyàfi pé òfin wọn ni pé kí ènìyàn lè máa rí ìràwọ̀ láti inú rẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan pa tirẹ̀, lórí fàráńdà, ní ẹ̀yìnkùlé, lórí òrùlé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń sùn síbẹ̀, ní ìrántí àgọ́ inú aginjù (Léfítíkù 23:42-43). Alàgbà náà ní kí a bá àwọn ọmọ rẹ̀ méjì so imọ̀ ọ̀pẹ. Ọwọ́ wa mọ iṣẹ́ yẹn láti kékeré, ó sì ya àwọn ọmọ náà lẹ́nu. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 16.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta àjọ náà, lẹ́yìn oúnjẹ, màmá sọ̀rọ̀ sí wa ní èdè Rọ́ṣíà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Màmá tún un sọ. Ni obìnrin náà bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Pásítọ̀, màmá ń bèèrè pé, nílùú yín, ní ọjọ́ tí ẹ bá ń rántí ikú Yeshua, kí ni ẹ máa ń sọ nípa àwa Júù?"

Kí a tó lanu, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀. Ó wà ní ọmọdé nígbà tí ogun Hitler dé Ukraine. Ìyá rẹ̀ gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Tashkent, lọ́nà jíjìn ní ìlà-oòrùn. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó kù sílé, wọn kò bá ẹnikẹ́ni mọ́ nígbà tí wọ́n padà. Lẹ́yìn ogun náà, bí ọjọ́ Àjíǹde bá ti ń súnmọ́, ìyá rẹ̀ a ti ilẹ̀kùn, nítorí àwọn ọmọ àdúgbò a máa sọ òkúta lu fèrèsé wọn, wọn a máa pè wọ́n ní apànìyàn tó pa Kristi. Orúkọ Olúwa tó jẹ́ oyin létí tiwa, òkúta ló fi kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ yìí gbàgbọ́, ọdún méjì ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní ẹni 60 ọdún kí ó tó gbà láti ka ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú Mátíù. Ó ní òun rò pé òun máa bá ìwé ìkórìíra pàdé. Ohun tí òun bá ni Ábúráhámù, Ísákì, Jékọ́bù, Dáfídì. Ó ní òun pariwo sí ọmọ òun láti inú yàrá pé, "Ará ilé wa ni gbogbo wọn!"

Ó wá dákẹ́, ó ń wo wa.

A ò bá ti sọ pé ìjọ tiwa fẹ́ràn Ísírẹ́lì, nítorí a ní àsíá wọn nínú ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n a kò lè purọ́ fún àgbà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Fún ọdún 22 ni a ti ń wàásù ní ọjọ́ Fráídè Rere, a sì mọ ibi tí ohùn wa ti máa ń ga jù: níbi tí a bá ti sọ pé àwọn Júù ló pa Jésù. Ẹgbẹ́ eré ìjọ wa máa ń fi òwú ṣe irùngbọ̀n fún àwọn ọmọ, wọn a máa pariwo pé kí wọ́n kàn Án mọ́gi, ìjọ a máa pòṣé sí wọn. A kò rò pé a ń pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí kò sí Júù kan ní ìlú wa tí yóò gbọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ ni a sọ fún un.

Ó bèèrè pé, "Nínú eré yẹn, kí ni ẹ pe Pétérù?"

A ní ọmọ ẹ̀yìn.

"Màríà ńkọ́?"

A ní ìyá Olúwa.

"Ta wá ni Júù?"

A ronú sí i. Júdásì ni, àti àwọn tó ń pariwo.

Kò bínú. Ó mi orí, ó bu ọbẹ̀ sínú àwo wa, ó ní kí a jẹun.

A kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ohun kan tí a mọ̀ láti inú ìwé kíkà ló ń yí wa lọ́kàn. Ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n kọ́ wa nípa Martin Luther, bó ti kọ̀wé lòdì sí títa ìdáríjì ní ọdún 1517, a sì yege nínú ìdánwò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ní ọdún 1543, Luther yìí kan náà kọ ìwé mìíràn, nínú èyí tó ti ní kí wọ́n dáná sun sínágọ́gù àwọn Júù, kí wọ́n wó ilé wọn, kí wọ́n gba ìwé àdúrà wọn lọ́wọ́ wọn. Àwọn ènìyàn Hitler tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde káàkiri ní ìgbà tiwọn. A ti kà á ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a kàn sọ pé àṣìṣe ẹni ńlá ni, a ṣí ojú ìwé mìíràn. Nígbà tí ẹni tí òkúta náà bà bá bu ọbẹ̀ fún ènìyàn, kò ṣeé ṣí kọjá mọ́.

ÌWÉ PÉLÉBÉ NÁÀ

Ní ọjọ́ kejì, a mú ìwé pélébé wa jáde, a ní kí alàgbà mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ìwo àgbò. Ó mú wa lọ. Lójú ọ̀nà, ó bèèrè ohun tí a fẹ́ fi méje ṣe. A ṣàlàyé pé fún àdúrà ogun ni, àti pé àwọn kan nínú ìjọ gbà pé bí a bá fun ìwo tó wá láti Jerúsálẹ́mù gan-an, ògiri Jẹ́ríkò ẹni á tètè wó. Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkọ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ó ní, "Arákùnrin, ní ìlú yìí gan-an ni àwọn alàgbà wa, Pétérù àti Jákọ́bù, ti jókòó lórí ọ̀ràn yín (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15). Júù ni gbogbo wọn. Wọ́n pinnu pé kò di dandan kí ẹ di Júù kí ẹ tó jẹ́ ti Ọlọ́run. Àwọn kan fẹ́ kú lórí ìpinnu yẹn. Kí ló dé tí ẹ tún ń sanwó láti yí i padà?"

A kò sọ pé ẹni tó ní ìwo àgbò dẹ́ṣẹ̀ o. Ẹyọ kan ni a rà, fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kí wọ́n lè rí ohun tí Bíbélì ń sọ. A kò ra aṣọ àdúrà kankan. Àwọn tó rán wa níṣẹ́ kò rẹ́rìn-ín nígbà tí a délé, ẹnì kan sì gba owó rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn ìwé ìbéèrè àdúrà náà, a kò há wọn sínú ògiri tẹ́ḿpìlì. Ìdílé náà pín wọn kà lábẹ́ àtíbàbà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó alàgbà ń ka orúkọ Adéyẹmí àti Bọ́láńlé pẹ̀lú ahọ́n Rọ́ṣíà, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe àmín.

Pásítọ̀ Lárúbáwá kan láti Násárẹ́tì wà níbẹ̀ ní alẹ́ náà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogun kò jọ lẹ́nu wọn, wọ́n sì jiyàn kan tó le, tí a kò rí ìdí rẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn iyàn náà, Lárúbáwá náà gbọ́wọ́ lé orí àwọn ọmọ Júù náà, ó súre fún wọn. Aya wa tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì pé kí a wò ó.

LẸ́YÌN TÍ A PADÀ DÉ

Ní ọdún 2019, Fráídè Rere bọ́ sí ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni àjọ Ìrékọjá àwọn Júù bẹ̀rẹ̀. A mú ìwé ìwàásù wa àtijọ́ jáde, a fi bírò pupa fa ìlà sórí gbólóhùn kan ní ibi mọ́kànlá. Nínú eré, a ní kí gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà: Pétérù, Màríà, Júdásì, àwọn tó ń pariwo, àwọn tó ń sunkún. A ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 4:27, níbi tí Hẹ́rọ́dù, Pílátù, àwọn Kèfèrí àti àwọn ènìyàn Ísírẹ́lì ti wà nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà a sọ ohun tí a ti ń wàásù fún ọdún 22, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìjọ.

Bàbá àgbà kan dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ ti yí i dà. Láti kékeré la ti mọ̀ pé Júù ló pa Á. Bí kì í bá ṣe Júù, ta wá ni?" A ní, "Bàbá, ẹ̀yin àti àwa náà wà níbẹ̀." Ó ní òun kò dé Jerúsálẹ́mù rí láyé òun. Ó bá tirẹ̀ lọ, ó sì ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó wá sí ìsìn padà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ àjọ tó tẹ̀ lé Àjọ Àgọ́ ní òpin, àwọn Hamas ya wọ Ísírẹ́lì, ogun sì bẹ́ ní Gásà. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi pe fóònù kí a tó rí ìdílé náà bá sọ̀rọ̀. Ọmọ wọn tí a jọ so imọ̀ ọ̀pẹ ti parí iṣẹ́ ológun rẹ̀, wọ́n tún ti pè é padà. Pásítọ̀ láti Násárẹ́tì ti pè wọ́n ṣáájú wa láti bèèrè ọmọ náà. Òun náà ń wá ìròyìn àwọn onígbàgbọ́ tó mọ̀ ní Gásà, kò sì tíì rí i gbọ́. Aya wa kọ orúkọ ọmọ náà àti orúkọ pásítọ̀ náà sórí ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé àdúrà ọjọ́ Ẹtì, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di òní.

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni ọdún 86 ni nígbà náà, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó fi èdè Rọ́ṣíà sọ nǹkan kan, aya wa kò dúró de ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní kí wọ́n sọ fún màmá pé orúnkún òun ti san.